Láti Ìdí Dírípù Pupa Dé Ẹnu Ọ̀nà Tíátà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà kan sọ n'Ìbàdàn lórí jẹjẹrẹ ọmú nìyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè wá. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àfi àwàdà díẹ̀ tí mo yọ kúrò.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó o. Ìyálọ́jà, mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ìsọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ohun tí wákàtí kan jẹ́ lọ́jọ́ ọjà.

Ibi tó dùn mí jù ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì ní yàrá tí wọ́n ti ń gba kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ ní Gbági. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, kókó tó wà lọ́mú rẹ̀ tó ọsàn. Lẹ́yìn kímò kẹrin, ó di ọwọ́ mi mú, ó fi lé àyà ara rẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wá a. Ẹ wá a dáadáa." Mo wá a títí, ọwọ́ mi ò ba nǹkan kan. Omi bọ́ lójú àwa méjèèjì. Ó ku kímò mẹ́rin míì, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ. A ò rí i mọ́. A pè é títí, kò gbé e. Nígbà tó fi máa padà wá, ó ti lé lọ́dún kan, àbúrò rẹ̀ ló sì gbé e wá.

Àbúrò yìí ló là mí lóye. Ó ní èmi rò pé ẹ̀rù ọ̀bẹ ló lé ẹ̀gbọ́n òun sá, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀bẹ. Kímò ló lé e. Ó máa ń bì fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, egbò bo ẹnu rẹ̀, kò lè gbé itọ́ mì, kò sì sọ fún wa rí. Bí a bá bi í pé "Ṣé ara le?" á ní "A dúpẹ́." Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kó rí, pé ẹni tó bá ráhùn, wọ́n á ní kò nígbàgbọ́, tàbí kí dókítà bínú. Nígbà tí kókó wá pòórá, ara rẹ̀ sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́.

Nítorí rẹ̀ ni mi ò fi ń sọ̀rọ̀ wàhálà kímò bí ohun tí èèyàn kàn ń fara dà mọ́. Ẹni tí wàhálà kímò bá dá dúró lójú ọ̀nà ò ní dé tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ wàhálà yìí ló sì ní oògùn tiẹ̀.

Èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kúkú tètè gé e. Bí kókó bá ti tóbi, tó ti lẹ̀ mọ́ awọ tàbí àyà, tàbí tó ti bọ́ sí abíyá, ọ̀bẹ ò ní rí ibi mímọ́ gbà kọjá. Kímò á kọ́kọ́ sún un kì. Kì í ṣe ọmú nìkan ló sì ń bá jà, ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri láti wá èyí tó ti sá kúrò níbẹ̀. Dókítà náà á sì fojú rí i bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti 1988, wọ́n pín obìnrin tó lé ní 1,500 sọ́nà méjì. Ìhà kan gba kímò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ìhà kejì gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Iye tó yè ní ìhà méjèèjì kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó rí ọmú wọn dá sí pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba kímò. Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan: kò sí ìhà tí wọn ò ti ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kọ́ iṣẹ́ dókítà n'Ìbàdàn níbí kó tó lọ sí Chicago, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú jẹjẹrẹ ọmú tó ń bá àwa obìnrin adúláwọ̀ jà. Tiwa máa ń tètè dé, nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́yìn èèyàn, oríṣi tí oògùn hóòmù kì í ràn sì pọ̀ láàárín wa ju ti àwọn òyìnbó lọ. Irú ìyẹn, kímò ni ohun ìjà tó kọ́kọ́ ń bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá èèyàn yín dé yàrá kímò mọ oògùn pupa yẹn, tó pọ́n bíi sóbò. Doxorubicin lorúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Adriamycin. Inú kòkòrò kan tó ń gbé nínú erùpẹ̀ tí wọ́n bù ní Ítálì ni wọ́n ti rí i, Òkun Adriatic tó wà lápá ibẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí wọ́n bá fún yín, ìtọ̀ yín á pọ́n fún ọjọ́ kan sí méjì. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìyá kan gbéra láti Mọ́níyà lóru nítorí rẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àwọn méjèèjì ń gbọ̀n. Àwa la jẹ̀bi, a ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí ó bá ń ta yín lójú ara tí ẹ bá ń tọ̀, tí ìtọ̀ sì ṣì pupa lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìyẹn yàtọ̀. Cyclophosphamide tí wọ́n máa ń fún èèyàn pẹ̀lú rẹ̀ lè dá egbò sí àpò ìtọ̀. Omi ni kí ẹ máa mu, kí ẹ sì máa tọ̀ déédéé, ẹ má pa á mọ́ra torí pé oníbàárà wà nílẹ̀.

Nígbà tí oògùn pupa yẹn bá ń wọlé, bí ibi tí abẹ́rẹ́ wà bá ń jó yín bí iná, ẹ pariwo. Ẹ má wò ó pé nọ́ọ̀sì ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Bó bá jò sí abẹ́ awọ, ẹran ara ló ń jẹ. Ẹ má fọwọ́ ra á o, ẹ kàn pariwo.

Èébì ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Mo ti rí i léraléra: owó ò tó, wọ́n á ra kímò, wọ́n á fi oògùn èébì sílẹ̀ ní ilé oògùn bí ẹni pé jàrá ni. Kì í ṣe jàrá, ara ọjà ni! Ondansetron, dexamethasone àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, kí èébì tó dé ni wọ́n ń lò wọ́n. Ẹni tó bá ti ki orí bọ bẹ́sìn kó tó wá oògùn rẹ̀, èébì ti gbapò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èyí tí wọ́n fún yín kò bá ràn án, ẹ padà lọ sọ, oríṣi rẹ̀ pọ̀. Dexamethasone lè má jẹ́ kí èèyàn sùn, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó sọ, torí ó ń gbé ṣúgà sókè. Ondansetron ní tiẹ̀ máa ń dí inú. Ìbẹ́pẹ dáa fún un, omi náà dáa.

Ìdí tí mi ò fi ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èébì kímò àkọ́kọ́ ni pé ọpọlọ máa ń rántí. Bí ti àkọ́kọ́ bá burú, kó tó di ìkẹta, èèyàn á máa bì tó bá ti rí géètì ọsibítù. Obìnrin kan rí mi ní Bódìjà níbi tí mo ti ń yan tòmátì. Ó kí mi, ó rẹ́rìn-ín, ló bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bì. Kò gba nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ojú mi nìkan ló rí. (Ìyàwó alátòmátì ò dárí jì wá.)

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sí mi jù rèé. Láti bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kímò, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ funfun, máa ń dín kù gan-an. Ọjọ́ tí èèyàn rò pé ara òun ti ń yá, tó ń múra àtipadà sí ìsọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé rẹ̀ ò lólùṣọ́. Bí ara bá gbóná nígbà yẹn, àwa ọmọ Yorùbá, kí la máa ń sọ? Ibà ni! A ó ra oògùn ibà, a ó lo parasẹtamọ́ọ̀, a ó bora.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gba kímò, ara rẹ̀ tó gbóná kì í ṣe ibà títí ọsibítù fi máa sọ pé ibà ni. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́, ẹ̀fọn ò mọ ẹni tó ń gba kímò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kòkòrò ló ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò ní dúró dọ̀la. Ẹ ra tẹmọ́mítà. Bó bá ti kà 38, ọsibítù tààrà, bó ṣe aago méjì òru. Ẹ má kọ́kọ́ lo parasẹtamọ́ọ̀, torí ó ń bo ooru náà mọ́lẹ̀, kòkòrò á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí òtútù bá ń mú yín tí ẹ ń gbọ̀n, bí tẹmọ́mítà ò tilẹ̀ tíì dé 38, ẹ lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà ni: "Kímò ni mò ń gbà, ara mi sì gbóná." Ẹ má kọ́kọ́ kí i, ẹ má jókòó sórí bẹ́ǹṣì dúró de káàdì. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kí abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò ti wọ inú iṣan yín.

Ọkọ ẹnì kan pe oníkẹ́míìsì àdúgbò wálé, abẹ́rẹ́ ibà fún ọjọ́ méjì. Kí wọ́n tó gbé e dé, kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ó yè é, a dúpẹ́, àmọ́ ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí ibùsùn, kímò tó kàn sún síwájú, iṣẹ́ abẹ náà sún síwájú.

Ẹ̀jẹ̀ funfun yìí tún ní ìtàn kan tó kan àwa gan-an. Kí wọ́n tó fún yín ní kímò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ funfun ò bá tó, wọ́n á ní ẹ lọ sílé, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la bí láìní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Àìsí rẹ̀ yìí dára fún wa, torí irú ibà kan tí wọ́n ń pè ní vivax kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọ ẹ̀jẹ̀ wa. Àmọ́ àìsí rẹ̀ náà ló ń mú kí iye oríṣi ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí wọ́n ń kà nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí ti òyìnbó, láìṣe àìsàn kankan. Ara òyìnbó ni wọ́n sì ti mú ìwọ̀n tó wà nínú ìwé. Nítorí náà, ẹ tọ́jú bébà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ṣe kí ẹ tó gba kímò kankan. Bí wọ́n bá fẹ́ dá yín padà, ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Dókítà, ṣé kì í ṣe bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀ nìyí?" Dókítà ló máa pinnu o. Èmi kàn ní kí ẹ béèrè ni, torí bí wọ́n bá ń sún ọ̀sẹ̀ kan níbí, ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún, ọ̀nà tíátà ń jìn sí i.

Irun. Mo rí i pé àwọn kan ti ń fọwọ́ kan gèlè wọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn àkọ́kọ́ ló máa ń re. Ẹ ó jí, ẹ ó bá a lórí ìrọ̀rí. Kó tó re, awọ orí á máa dun èèyàn bí ẹni tí wọ́n dirun fún tó fún jù. Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ kó tó di ọjọ́ kẹrìnlá, kó má baà jẹ́ pé odindi ìdì irun ni wọn yóò máa fà yọ nínú balùwẹ̀.

Ìmọ̀ràn yìí ni mo gbé fún ìyàwó ilé kan, ó sì wò mí bí ẹni tó gbọ́ èpè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé opó ló ń fá orí, ṣé ó fẹ́ pa ọmọ òun ni? Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà dé, awakọ̀ ni, kì í sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé, ó gbọ́, ó jáde. Nígbà tó máa padà wọlé, orí òun fúnra rẹ̀ ti ń dán gbinrin; onígbàjámọ̀ wà ní òdìkejì títì. Ó ní, "Ẹ sọ fún màmá mi pé èmi náà ti ṣopó." Gbogbo yàrá kímò rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tí dírípù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irun ojú àti ìpéǹpéjú náà lè lọ. Ti imú máa ń lọ, ìdí nìyí tí imú fi ń ṣomi láìsí ọ̀fìnkìn. Gbogbo rẹ̀ ló sábà máa ń hù padà lẹ́yìn tí kímò bá parí. Nígbà míì, á rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Egbò ẹnu: iyọ̀ díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ máa fi yọ ẹnu léraléra lóòjọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe pákò. Ata á kọ́kọ́ lọ sinmi. Ògì, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín tí kò láta, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, ẹyin tó jinná dénú. Bí gbogbo nǹkan bá ń dùn bí irin lẹ́nu, ẹ fi ṣíbí oníke jẹun. Ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n gé kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, nọ́nò tí a kò sè, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Kí ẹ má sì gbààwẹ̀. Mo mọ̀ pé pásítọ̀ kan lè ní kí ẹ gba mọ́kànlélógún. Ẹ ní kó bá yín gbà á. Ìsìláàmù ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, àwọn alùfáà wa mọ̀. Ara tó ń kọ́ ẹ̀jẹ̀ tuntun nílò ẹran, ẹ̀wà, ẹyin, kí ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ tó rí nǹkan fi jinná.

Ti àgbo, mi ò ní bú àgbo. Ìyá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní ewé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: paclitaxel, ọ̀kan nínú oògùn kímò tó lágbára jù, èèpo igi ni. Lọ́dún 1962 ni wọ́n bó èèpo náà lára igi kan nínú igbó ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n tí kò ní pa èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ewé lásán ni" kò mọ ewé. Ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń gbọ́ bùkátà kímò, òun náà ló ń gbọ́ ti àgbo. Ẹ má fi ẹrù méjì lé e lórí. Atalẹ̀ díẹ̀ nínú tíì fún èébì, ìyẹn kò burú. Ẹ ṣáà sọ fún dókítà.

Paclitaxel yìí náà ló ń ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dà bíi pé èèrà ń rìn ní orí ìka. Ìyá aláṣọ kan ń ka owó fún mi, igba náírà ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣà á, ó tún ń já bọ́. Kò mọ̀ pé kímò ni, ó rò pé ọjọ́ orí ló dé. Ẹ tètè sọ ọ́. Dókítà lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, ó lè má lọ mọ́. Ẹ wọ bàtà nínú ilé, torí ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára ò ní mọ ìṣó.

Àárẹ̀ ò ní oògùn kan pàtó. Ẹ sinmi, àmọ́ ẹ rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, kódà kó jẹ́ láti ilé dé ìdí kànga. Àwọn ọmọ tó ń béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe, ẹ gbé ìgbálẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn kímò tó kẹ́yìn, wọ́n á jẹ́ kí ara sinmi, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ̀jẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni tíátà. Ẹ sọ fún dókítà tó máa fún yín ní oògùn oorun pé ẹ gba oògùn pupa, torí ó lè kan ọkàn.

Ìyá kan dìde níbí, ó ní òun fẹ́ béèrè: bí kókó ò bá sí mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ gé? Ìyá, ìbéèrè ìyá aláṣọ Gbági gan-an lẹ bi mí. Ọwọ́ wa ò lè rí ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Ìyẹn ni wọ́n fi máa ń sàmì sí ibi tí kókó wà kí kímò tó sún un kì, kí oníṣẹ́ abẹ lè mọ ibi tó máa bọ́ sí. Ohun tí wọ́n bá gé jáde, láàbù á gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré wò ó. Bí wọn ò bá rí jẹjẹrẹ kankan níbẹ̀, ìròyìn ayọ̀ tó ga jù nìyẹn. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, oògùn míì wà tí wọ́n á fi kún un, a ò sì lè mọ̀ láìgé e. Ẹ̀rí tí ẹ fẹ́ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ wá gbọ́ ọ, màá tiẹ̀ ra ankara. Ẹ ṣáà jẹ́ kí èsì láàbù ti dé ná.

Àbúrò kan lẹ́yìn béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta tẹmọ́mítà. Ilé oògùn èyíkéyìí ni. Ẹ rà á kó tó di ọjọ́ kímò àkọ́kọ́, kí ẹnì kan nínú ilé kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, kí ẹ sì kọ 38 sára ògiri yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹni tó ní mọ́tò.